Kòkòrò Yìí, Oko Ta Ló Ti Wá?

Ìyá ẹlẹ́wà kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ń fẹ́ ẹ̀wà lórí atẹ nígbà tí mo débẹ̀. Kòkòrò wẹ́wẹ́ ń rìn lẹ́tí atẹ. Oníbàárà kan ní ìsọ̀ ìyá ni wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ìyá yarí kanlẹ̀, ó ní inú àpò ni wọ́n bá dé láti Òkè Ọya. Ìyá jàre díẹ̀, torí kòkòrò ẹ̀wà a máa yé ẹyin sára ẹ̀wà láti oko, kí wọ́n tó kórè rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Kòkòrò kò kúkú ní káàdì ìdánimọ̀.

Mo wọ mọ́tò, ó di Ọ̀wẹnà, ó di Oǹdó. Lẹ́yìn ìlú, bàbá àgbẹ̀ kan ya ewé àárín àgbàdo rẹ̀ hàn mí. Ìgbẹ́ kòkòrò kún ibẹ̀. Ìdin náà wà nísàlẹ̀: ìlà funfun tó yà sí méjì níwájú orí, àmì dúdú mẹ́rin nídìí. Àlejò ni, ọdún 2016 la kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà. Bàbá ní oko aládùúgbò òun tí kì í fín oògùn ló ti ń wá. Mi ò lè dá ẹjọ́ yẹn. Labalábá òru tí ìdin yìí ń dà lè fò tó 100 kìlómítà lóru ọjọ́ kan, Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò sì tó 60.

Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ kòkòrò fi ń tú irú àṣírí yìí ni pé kí wọ́n fi aró sóúnjẹ ìdin tí wọ́n ń sìn. Wọ́n á po ìyẹ̀fun ẹ̀wà tàbí àlìkámà mọ́ íísì, ṣúgà, fítámì àti oògùn tí kì í jẹ́ kó bu, wọ́n á fi agar tí wọ́n ń rí lára ewé òkun mú un dì. Aró tó ń yòrò nínú omi kò wúlò, ìdin á yà á dànù. Èyí tó ń yòrò nínú òróró ni wọ́n ń lò, irú Calco Red, torí ó ń wọ ọ̀rá ara ìdin bí epo pupa ṣe ń wọ aṣọ funfun. Ìdin á paradà di labalábá, àwọ̀ náà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹyin tí abo bá yé pàápàá á pọ́n. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti mú un, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wọn ló ti wá. Ó ní ìwọ̀n o: bí aró bá pọ̀ jù, kòkòrò kò ní dàgbà dáadáa.

Ní Phoenix, Amẹ́ríkà, oúnjẹ pupa yìí ni wọ́n fi sin kòkòrò kan tó ń jẹ òwú. Wọ́n fi ìtànṣán sọ wọ́n di àgàn, wọ́n sì tú wọn sóko. Èyí tó bá kó sí pàkúté, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ fọ́: bí inú rẹ̀ bá pọ́n, tiwọn ni, bí kò bá pọ́n, iṣẹ́ ṣì kù. Ní October 2018, ìjọba wọn kéde pé kòkòrò náà ti tán lóko òwú wọn.

Nígbà tí mo ro èyí fún bàbá àgbẹ̀ Oǹdó, ó fajú ro: ṣé kí wọ́n wá tú kòkòrò sóko òun ni? Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àgàn nìkan ló yẹ kí wọ́n tú sílẹ̀. Ní ti oúnjẹ àpòpọ̀, kò jìnnà sí wa. Ó ti pẹ́ tí ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn ti ń fi í sin kòkòrò ajẹ̀wà àtèyí tó ń lu ìtì àgbàdo.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá rí ike tí aṣèwádìí gbé kọ́ sóko yín, tí òórùn abo kòkòrò wà nínú rẹ̀, ẹ má já a, ẹ má sì pè é ní oògùn ìkà. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi wá ka ohun tó mú.