Àrùn rọpárọsẹ̀: Ìdí tí kò fi yẹ ká gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń yá

Nínú ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, bí àgbàlagbà kan bá la àrùn rọpárọsẹ̀ já, tó sì ti ọsibítù dé, ńṣe ni ẹbí máa ń sáré gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ á wẹ̀ ẹ́, ọmọ-ọmọ á fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọn á ní kó má yọjú sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́: "Màmá, ẹ sinmi, ẹ ti ṣe tiyín." Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, ìsinmi tó bá pọ̀ jù lè gba agbára tí àìsàn ṣẹ́ kù síni lára, nítorí pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú èèyàn wà lára ìtọ́jú gan-an.

Àrùn yìí máa ń wáyé bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, tàbí bí iṣan náà bá bẹ́. Ibi tó bá kú nínú ọpọlọ kì í jí mọ́, àmọ́ àwọn ibi tó kù lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, bí a bá ń fún wọn ní iṣẹ́ náà ṣe léraléra. Nínú ìwádìí EXCITE tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006, èèyàn 222 ló kópa. Ó ti tó oṣù 3 sí 9 tí àrùn náà ti kọlù wọ́n, ọwọ́ wọn tó rọ sì ṣì ń mira díẹ̀. Wọ́n fi ìbọ̀wọ́ de ọwọ́ tó le fún àwọn kan nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ọwọ́ tó rọ lè máa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ń lo ọwọ́ náà dáadáa ju àwọn tí wọ́n kàn tọ́jú bó ṣe máa ń rí lọ.

Àwọn kan á ní, bí aláìsàn náà bá wá ṣubú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Ìwádìí AVERT ti ọdún 2015, tó wo èèyàn tó lé ní 2,000, fi hàn pé gbígbé aláìsàn dìde lemọ́lemọ́ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ kò ṣe é lóore tó ìtọ́jú tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, dókítà ni kó sọ ìgbà tó yẹ. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe yẹ̀, kí ilẹ̀ balùwẹ̀ má yọ̀, kí ọ̀pá wà nítòsí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó jókòó já ẹ̀fọ́, kó ká aṣọ, kó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ẹlòmíràn á ní ẹbí kì í ṣe oníṣẹ́ físíò. Òtítọ́ ni. Nígbà tí ìwádìí ATTEND kọ́ ẹbí àwọn aláìsàn ní Íńdíà ní irú ìtọ́jú tí oníṣẹ́ físíò ń ṣe, àbájáde tó jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé kò dín ikú tàbí gbígbára lé ẹlòmíràn kù lẹ́yìn oṣù 6. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìjọba gbé àwọn oníṣẹ́ físíò dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹbí nìkan ló lè ṣe: kí wọ́n dá ipò èèyàn padà fún aláìsàn náà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tí àrùn yìí kọlù ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá. Ọ̀rọ̀ tó há sẹ́nu kò túmọ̀ sí pé làákàyè ti lọ. Bó bá jẹ́ pé òun ló ń parí ìjà nínú ẹbí tẹ́lẹ̀, ẹ ṣì máa bi í, kẹ́ ẹ sì fara balẹ̀ dúró de èsì rẹ̀.

Kì í ṣe inú ilé nìkan, ìta náà gbọ́dọ̀ gba ẹni tí ara rẹ̀ ń yá. Òfin tó lòdì sí ẹ̀tanú sáwọn aláàbọ̀ ara, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tó wà fún gbogbo èèyàn ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí gbogbo ara lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé. Ẹbí tó ń gbèrò ìnáwó, àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ń kọ́lé, ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ojúṣe láti ṣe é.