Ọmọ Kásẹ́ẹ̀tì

Ẹni tó bá na ọjà Ìkàrẹ́ Àkókó láyé kásẹ́ẹ̀tì ti mọ ìdajì ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní pọ́díkáàsì. Ẹ̀rín ń bẹ nínú kásẹ́ẹ̀tì Gbenga Adeboye, wáàsí ń bẹ nínú ti Sheikh Muhideen Ajani Bello. Ìgbà tó bá wu èèyàn ló máa tẹ̀ ẹ́. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, á dá a dúró, á padà wá bá a níbi tó bá a dé. Asọ̀rọ̀mágbèsì ò jẹ́ dúró de ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀: bí o bá lọ pọnmi, ètò ti lọ nìyẹn.

Orí fóònù ni pọ́díkáàsì wà, kò sí lórí àtẹ. Ẹ ó yan ètò tó wù yín lẹ́ẹ̀kan. Tí olóòtú bá ti gbé apá tuntun jáde, á wá bá yín fúnra rẹ̀. Ọdún 2004 ni akọ̀ròyìn Ben Hammersley kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn Guardian ní ìlú ọba. Ní 2005, Apple gbà á sínú iTunes. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbowó. Dátà ni wọ́n ń jẹ, wọn ò sì jẹ ẹ́ bíi fídíò: wákàtí kan ò sábà ju nǹkan bíi 60 mégábáìtì lọ. Níbi tí òkè ti ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi Àkókó tiwa yìí, ẹ lè fà á sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ máa gbọ́ ọ lóko.

Trevor Noah, aláwàdà ará South Africa, ní pọ́díkáàsì tirẹ̀. Ní January 2021, Father Mike Schmitz, àlùfáà Kátólíìkì kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì lójoojúmọ́ títí ọdún fi yí po. Laurie Santos ti Yunifásítì Yale ń sọ ohun tó ń fún èèyàn láyọ̀. (Lórí ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ ṣọ́ra o. Kò sẹ́ni tó ń bi olóhùn dídùn pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́. Èyí tó bá ní kí ẹ da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, ẹ pa fóònù náà.)

Ìtàn ló mú mi jù. Dan Carlin, ará Amẹ́ríkà, lè sọ̀tàn ogun fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, láìsinmi. Iléeṣẹ́ rédíò wo ló máa gbà fún un? Ìpolówó ọṣẹ á ti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èrò rẹpẹtẹ ni rédíò ń wá, Yorùbá gbogboogbò ló sì máa ń bá wọn sọ. Pọ́díkáàsì lè jẹ́ ti ogún èèyàn péré, kò sẹ́ni tó máa lé e kúrò lórí afẹ́fẹ́.

Ẹ wá wo Àkókó wa. Èdè ilé Arigidi ọ̀tọ̀, ti Ọ̀kà ọ̀tọ̀, àwọn tó ń sọ Akpes àti Ukaan náà ń bẹ. Nígbà ogun Tápà, orí òkè làwọn baba wa sá sí, àwọn àgbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà ṣì wà láàyè. Fóònù kan tó láti gbohùn wọn sílẹ̀, nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ò ti ké, ní èdè tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Ẹ má já lu ọ̀rọ̀ wọn. Tó bá sì wá kan ọ̀rọ̀ oyè, pàápàá ní Ìkàrẹ́, ẹ tètè lọ bá ìdílé kejì tó ń du oyè náà, kí tiwọn jẹ́ apá kejì.