Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Bí a ṣe ń ka máàpù gíga ilẹ̀ ní Bàrígà àti Ṣómólú

Lórí máàpù tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, ẹ ó rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ́ kiri. Gbogbo ibi tí ìlà kan bá gbà kọjá ni gíga wọn dọ́gba. Ní Ìdànrè, àwọn ìlà náà fún mọ́ra gan-an, torí òkè ibẹ̀ dúró ṣánṣán. Ní Bàrígà àti Ṣómólú ńkọ́? Ìlà ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lọ bá ọ̀sà.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti fara balẹ̀. Bí gíga tó wà láàárín ìlà méjì bá jẹ́ mítà 15, ilẹ̀ tó fi mítà 2 ga ju òkun lọ àti èyí tó fi 10 ga jù ú lọ lè jọ wà láàárín ìlà méjì kan náà, bẹ́ẹ̀ omi lè gba ọ̀kan lójò kí èkejì gbẹ. Nítorí náà, ẹ wá àwọn àmì tóótòòtó tí nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: gíga ojú ibẹ̀ nìyẹn. Ìlà aláwọ̀ búlúù, ọ̀nà omi ni.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní ìhà Ìlàjẹ Bàrígà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí sọ̀féyọ̀ wọn gíga rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.