Kí orúkọ Ṣakí má baà sọnù lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Lọ́dún 2007 ni Chris Messina, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dábàá lórí Twitter, tó ti di X báyìí, pé kí wọ́n máa fi àmì # síwájú ọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń sọ nípa nǹkan kan náà lè bára wọn pàdé. Háṣítáàgì ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 2014, #BringBackOurGirls ló mú káyé gbọ́ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 276 tí wọ́n jí gbé ní Chibok.

Ṣùgbọ́n bí ará Ṣakí bá fẹ́ ké gbàjarè nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, tàbí kó polówó iṣu rẹ̀, tó wá kọ #Shaki, àárín àwọn tó ń se ẹran ṣàkì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sọnù sí. #Òkè-Ògùn náà kò dára, nítorí ìlà kékeré tó so Òkè mọ́ Ògùn ni yóò gé e. #Òkè nìkan ni yóò ṣiṣẹ́.

#SakiOkeOgun, láìsí àlàfo, ló yanjú ọ̀rọ̀. Kí ọmọ ìlú nílé lẹ́yìn odi fẹnu kò sórí ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.