Ẹ̀kọ́ Tí Tíṣà Ń Kọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE, ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù tí ìjọba Nàìjíríà ní tíṣà gbọ́dọ̀ ní. Láti ọdún 2022, òfin àpapọ̀ gba tíṣà láyè láti ṣiṣẹ́ fún 40 ọdún, tàbí títí tó fi máa pé ọmọ ọdún 65. Ohun tó kọ́ ní ọdún mẹ́ta náà kò lè gbé e dé òpin iṣẹ́.

Ètò ẹ̀kọ́ ń yí padà, kọ̀ǹpútà dé, ìwé tuntun ń jáde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni òye bí ọmọ ṣe ń ronú, inú kíláàsì ni wọ́n sì ti ń rí i kọ́.

Bí ọmọ Praimárì 5 bá ro 1/2 pọ̀ mọ́ 1/3, ó lè kọ 2/5: ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Tíṣà tó mọ ìṣirò nìkan á fi bírò pupa fagi lé e, á kọ 5/6 sójú pátákó, á sì kọjá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Tíṣà tó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lórí irú àṣìṣe yìí á bi í pé: “Ìdajì ọsàn lo kọ́kọ́ ní, wọ́n tún bù sí i fún ẹ. Báwo ni gbogbo rẹ̀ ṣe wá kéré sí ìdajì?” Nítorí 2/5 kò tó ìdajì. Irú ìmọ̀ yìí ni Lee Shulman, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, tọ́ka sí ní 1986: kéèyàn mọ iṣẹ́ kan ọ̀tọ̀, kó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ náà ọ̀tọ̀.

Ní Japan, jugyō kenkyū ni wọ́n ń pe ọ̀nà tí àwọn tíṣà ń gbà kọ́ irú ìmọ̀ yìí. Àwọn tíṣà á jọ kọ nóòtì ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan á fi kọ́ kíláàsì rẹ̀, àwọn yòókù á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń ṣọ́, kì í ṣe tíṣà: ta ló dákẹ́, pẹ́ńsù ta ni kò lọ mọ́? Lẹ́yìn náà wọn á tú ẹ̀kọ́ náà palẹ̀, wọn á sì tún un tò.

Ilé-Ifẹ̀ náà ti rí i pé ìwé nìkan kò tó. Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, yàtọ̀ sí ìwé tuntun tí wọ́n kọ, wọ́n ní láti kọ́ àwọn tíṣà pẹ̀lú.

Ètò kò wọ́n ní Nàìjíríà lónìí. NTI, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, ti wà ní Kaduna láti 1976, àjọ TRCN ń forúkọ tíṣà sílẹ̀, UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, sì ń fún àwọn ìpínlẹ̀ lówó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ju sẹ́mínà ọlọ́jọ́ méjì mẹ́ta lọ: gbọ̀ngàn, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìrẹsì, sátífíkéètì, kí kálukú máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ lé tíṣà dé kíláàsì lọ wo ohun tó yí padà. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní Japan kò béèrè gbọ̀ngàn. Ohun tó ń béèrè ni kí ọ̀gá ilé-ìwé bá tíṣà kan di kíláàsì rẹ̀ mú fún wákàtí kan, kí onítọ̀hún lè ráyè lọ wo bí ẹlòmíràn ṣe ń kọ́ni.