Igba Ebè Kan Lẹ́ẹ̀kan: Ohun tí Káàdì Àjọ Fi Kọ́ Mi ní Ìtẹ́lọ́rùn

Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá ṣí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, kí n tó fọwọ́ kan ẹfun, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́: «Kí ni ẹ fẹ́ fi ìwé ṣe?» Ìbéèrè náà rọrùn létí, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í tètè wá. Àwọn kan á wolẹ̀, àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu, a tó ogún ènìyàn lábẹ́ òrùlé páànù, fìtílà kan ṣoṣo ni ó sì ń tàn fún gbogbo wa. Ọkùnrin kan tí ó ń fi alùpùpù gbé èrò dìde, ó ní òun fẹ́ máa sọ Faransé bí mínísítà kí ọdún tó parí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó wá kan ìyá kan tí ó ń ta gààrí, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò tilẹ̀ dìde. Ó ní: «Olùkọ́, èmi fẹ́ lè ka káàdì àjọ mi.» Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́.

Àwọn tí ó ń tajà ní Àjàṣẹ́, ní Pọ́bẹ̀ tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ mọ bí àjọ yìí ṣe ń lọ, èyí tí a ń pè ní tọ́ńtínì. Alájọ á gba ìsọ̀ kọjá pẹ̀lú àpò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ń dá 500 fáráńkì á kà á lé e lọ́wọ́, alájọ á sì sàmì sí àpótí kékeré kan lórí káàdì. Àpótí 31 ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kún, owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ti ọgbọ̀n ọjọ́ tí ó kù jẹ́ ti ẹni tí ó dá a. Ẹni tí ó ń dá 500 á gba 15.000. Ètò tí ó mọ́ ni, bí àwọn méjèèjì bá lè ka káàdì kan náà.

Ìyá wa kò lè kà á. Ẹkùrọ́ ni ó fi ń ṣe ìṣirò tirẹ̀: bí ó bá ti dá owó tán, á ju ẹyọ kan sínú igbá. Ní oṣù kan, ẹkùrọ́ pé 31 nínú igbá, ṣùgbọ́n alájọ ní àpótí 27 péré ni àmì wà nínú rẹ̀. Ó yọ tirẹ̀, ó ka 13.000 fún un. Báyìí ni 2.000 fáráńkì ṣe wọmi. Nígbà tí ìyá náà fẹ́ jà, àwọn ará ọjà bi í bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò fi ẹkùrọ́ ṣeré. Ó sọ fún mi pé kì í ṣe owó náà ni ó dun òun jù lọ. Ohun tí ó dùn ún ni pé òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Bóyá ọmọdé ni ó kó ẹkùrọ́ sí i lóòótọ́. Bóyá alájọ ni kò sàmì. Títí di òní, kò mọ èyí tí í ṣe òótọ́.

Ìwé ètò tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ sọ pé kí a fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ńbà tẹ̀lé e lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Mo yí i padà, mo sì jẹ́wọ́ pé n kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A pín iṣẹ́ náà láti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì: 1 dé 5 kí ọjà tó ná, 6 dé 10 kí ọjà tí ó tẹ̀lé e tó ná, títí a ó fi dé 31. Ìyá náà kò fi bẹ́ẹ̀ yára. Ó máa ń kọ 6 kí ó kọjú sẹ́yìn, 9 sì ń dà á láàmú títí di ọ̀sẹ̀ keje. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ó mọ ohun tí òun kò mọ̀ ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, ó sì lè tọ́ka sí i.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tèmi. Àwọn bàbá wa tí ó ń roko kì í dúró ní etí igbó kí wọ́n máa fi ojú wọn gbogbo oko. Igba ebè ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́. Bí ènìyàn bá kọ igba ebè, ó lè sinmi lábẹ́ igi, kí ó mumi, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Igba mìíràn ń dúró dè é, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti di iṣẹ́ àṣeparí. Mo fẹ́ràn pé wọ́n ní iye kan tí ó fún wọn láyè láti sinmi láìtijú.

Ọkùnrin alálùpùpù dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ karùn-ún. Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀, ó ní: «Ẹ má bínú, Olùkọ́, orí mi kò gba ìwé.» Ọ̀rọ̀ náà bà mí nínú jẹ́, nítorí irọ́ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ti lè kọ orúkọ rẹ̀, ó sì ti mọ lẹ́tà tí ó ju ti ìyá onígààrí lọ. Ṣùgbọ́n mínísítà ni ó fi ń wọn ara rẹ̀, lójú ìwọ̀n yẹn ohun tí ó mọ̀ kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀. Yorùbá ni a ń kọ́ ní kíláàsì náà, kì í ṣe Faransé. Ó yẹ kí n ti sọ fún un lálẹ́ àkọ́kọ́ dípò kí n máa pàtẹ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kì í gba ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn láàyè níwájú rẹ̀. Ó ní àwọn tí ó yó ni wọ́n fi ń rẹ àwọn tí ebi ń pa lẹ́kún. Mo gbà fún un dé ààyè kan. Ẹni tí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ olówó ńlá tí ó ń sọ fún onígààrí pé kí ó ní ìtẹ́lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ kò yẹ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá wa kò ní ìtẹ́lọ́rùn nípa 2.000 fáráńkì rẹ̀, kò sì yẹ kí ó ní in. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá tó wa, a ń sọ pé ó tẹ́ wa lọ́rùn. Ọrùn ni Yorùbá fi sọ ọ́. Nígbà tí ènìyàn kò bá mọ ibi tí òun yóò dúró, ojú ni a dárúkọ: ojúkòkòrò. Oúnjẹ a máa kọjá lọ́rùn, ọrùn a sì máa mọ̀ pé ó ti tó. Ojú ní tirẹ̀ kì í yó. Ó rí ilé aládùúgbò, ó rí aṣọ ẹbí tí wọ́n dá níbi òkú àná, lóde òní ó tún ń rí àwòrán ayọ̀ àwọn tí kò mọ̀ rí lórí fóònù títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Èmi náà ti jẹ́ ẹrú ojú. Nígbà tí mo jáde ní yunifásítì Abomey-Calavi, mo búra pé kí n tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, n ó ti gba oyè dókítà ní ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ìwé mi. Fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, gbogbo ohun tí mo ṣe, kíláàsì tí mo ṣí, àwọn ènìyàn tí wọ́n kọ orúkọ ara wọn níwájú mi fún ìgbà àkọ́kọ́, èérún ni mo ń kà á sí. Lẹ́yìn tí mo pé ogójì ọdún ni mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lójúmọ́ láti ẹnu àwọn àgbẹ̀: orúkọ koríko, orúkọ ilẹ̀, orúkọ oríṣi iṣu. Mo wà nínú ìwé kẹrin báyìí. Kì í ṣe oyè dókítà, bí mo bá sì rí orúkọ ẹlẹgbẹ́ mi kan lára ìwé tuntun, ó ṣì máa ń ta mí. Ó kàn jẹ́ pé mo máa ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ní oṣù kẹta kíláàsì náà, ìyá onígààrí dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó na káàdì rẹ̀ sí mi. Alájọ ti wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gba owó, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó sì gbàgbé láti sàmì. Ìyá náà kà á lójú rẹ̀, ó ní: «Ọmọ mi, méjìdínlógún ló wà níbí, mọ́kàndínlógún ni mo dá.» Alájọ wò ó, ó tọrọ àforíjì, ó sàmì. 500 fáráńkì ni gbogbo rẹ̀.

Mo bi í bóyá kí a wá bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà gan-an, ìtàn àti ìwé ìròyìn. Ó ní ìyẹn ṣì jìnnà. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ-ọmọ rẹ̀ jáde, ó fi ìka sí orí ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ síbẹ̀. Orúkọ oṣù ni òun fẹ́ mọ̀ báyìí, kí òun lè mọ ọjọ́ tí a ó tún gbé ọmọ lọ. Méjìlá ni wọ́n. A fi àdéhùn sí mẹ́ta kí ọjà tó ná.