Ọ̀rọ̀ táyà Dunlop: Òfin tó ń pa àwọ̀ dà bí agẹmọ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà

Ẹ bi fọkanáísà èyíkéyìí l'Ékòó lónìí pé níbo ni wọ́n ti ṣe àwọn táyà tuntun tó tò síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Yóò ní Ṣáínà ni, yóò ní Íńdíà ni. Èyí tó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ nínú wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kùtọnu ló gbà wọlé. Ṣùgbọ́n táyà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹ máa wá a tì ni.

Bẹ́ẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ ò ní í gbàgbé Dunlop tó wà n'Ìkejà. Ọdún 1961 ni wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ọdún kan péré lẹ́yìn òmìnira. Kò pẹ́ tí táyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀. Michelin, iyẹn ilé iṣẹ́ àwọn Faransé, náà dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní Port Harcourt. Ròbà tí wọ́n fi ń ṣe táyà kò jìnnà síbí rárá: oko ròbà wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó wà l'Ẹ́dó, ó wà ní Dẹ́ltà títí dé Cross River.

Àfi bó ṣe di ọdún 2007 tí Michelin ti ilé iṣẹ́ ẹ̀ ní Port Harcourt pa. Nígbà tó máa fi di ọdún 2008, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Ìkejà. Báyìí ni orílẹ̀-èdè tí ètò ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé èèyàn inú ẹ̀ tó mílíọ̀nù 140 kò fi ní ilé iṣẹ́ táyà ńlá kan ṣoṣo mọ́. Ẹ ò rí nǹkan!

KÍ LÓ ṢẸLẸ̀ GAN-AN?

Àwọn kan máa ń sọ pé NEPA ló lé wọn lọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí iná ìjọba kì í dúró, dísẹ̀lì sì wọ́n bí ojú. Ilé iṣẹ́ tó ń fi ooru gbígbóná dì ròbà mọ́ wáyà kò lè fara mọ́ iná tó ń lọ, tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí iná ti ń ṣe báyẹn, tí Dunlop sì ń bá a yí lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá dá kún un, tó sọ ọ̀rọ̀ náà di egbò àdáàjinná, ni owó ibodè, iyẹn owó táwọn kọ́sítọ̀ọ̀mù ń gbà lórí ọjà tó bá ti òkè òkun wọlé.

Ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún (40%) ni owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí táyà tẹ́lẹ̀. Owó yẹn ni Dunlop gbójú lé tó fi kó ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà lé ẹ̀rọ tuntun, èyí tí wọ́n fẹ́ máa fi ṣe táyà onírin fún ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì ńlá. Kí owó tí wọ́n ná ọ̀hún tó máa so èso, ìjọba àpapọ̀ já owó ibodè wálẹ̀ wá sí ìdá mẹ́wàá (10%).

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó lọ́jà. Ká ní táyà kan dé Apápá ní ₦10,000. Tí kọ́sítọ̀ọ̀mù bá gba 40%, ó di ₦14,000. Tó bá jẹ́ 10% ni wọ́n gbà, ₦11,000 ni. Ká wá ní Dunlop, tòun ti wàhálà dísẹ̀lì, ń ṣe tiẹ̀ jáde ní ₦13,000. Lábẹ́ òfin àkọ́kọ́, táyà Ìkejà fi ₦1,000 dínwó ju ti òkè òkun lọ. Lábẹ́ òfin kejì, ó fi ₦2,000 wọ́n jù ú. Bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Dunlop kò di ọ̀lẹ mọ́jú, ẹ̀rọ wọn kò sì bàjẹ́. Bírò lásán ni wọ́n fà l'Ábújá. Onídáńfó wo ló sì fẹ́ torí ìfẹ́ ìlú fi ₦2,000 ṣòfò lórí táyà kọ̀ọ̀kan? Ó lówó tí yóò jíṣẹ́ fọ́lọ́kọ̀, ó láwọn ọmọ tí yóò bọ́.

Ìjọba náà ní tiẹ̀ tí wọ́n lè sọ o, ká má purọ́ mọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni Nàìjíríà ń gbìyànjú láti jẹ́ kí owó ibodè ẹ̀ bá ti àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS yòókù mu. Yàtọ̀ síyẹn, táyà tó bá wọ́n, orí èrò ọkọ̀ ni owó ẹ̀ máa ń já lé nígbẹ̀yìn. Ẹni tó ń wọ mólùè láti Ìyànà Ìpájà lọ sí Ọ̀ṣọ́dì kò sí nídìí ẹ̀rọ Dunlop, táyà olówó pọ́ọ́kú ló máa wù ú. Àwíjàre tó mọ́gbọ́n dání ni méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ẹni tó ti gba ọ̀rọ̀ ìjọba gbọ́, tó sì ti kówó lé ẹ̀rọ, ni wọ́n fà láṣọ sẹ́yìn lójú ọ̀nà.

IṢẸ́ KAN LỌ, Ó FA ÒMÍRÀN DÁNÍ

Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá ti kógbá sílé, iye àwọn tó gba ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ làwọn èèyàn máa ń kà. Wọn kì í ka ìyá olóúnjẹ tó ń ta ìrẹsì fáwọn òṣìṣẹ́ níwájú géètì. Wọn kì í ka dírẹ́bà tó ń wa ròbà bọ̀ láti Oǹdó, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ka lándíláàdì tó fi yàrá méjì ayálégbé kọ́ ọmọ níwèé. Ìjọba alára kì í ka tiẹ̀: owó orí tó ń yọ lára owó oṣù àwọn èèyàn yẹn lóṣooṣù ti lọ, èyí tó ń gbà lórí èrè ilé iṣẹ́ náà ti lọ.

Ẹ yí ká Ìkejà, Isọlọ̀ àti Ìlúpéjú lónìí, ẹ óò rí àwọn ilé ńlá tí ẹ̀rọ ti ń dún tẹ́lẹ̀. Òmíràn ti di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn ti di gbọ̀ngàn ayẹyẹ, òmíràn sì ti di ibi tí wọ́n ń kó ọjà òkè òkun pamọ́ sí. Kò sóhun tó burú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò sóhun tó burú nínú ayẹyẹ. Àmọ́ iye èèyàn tí gbọ̀ngàn ayẹyẹ ń gbà síṣẹ́ kò lè tó ti ilé iṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Orúkọ Dunlop àti Michelin kò parẹ́ lọ́jà, táyà tó ń jẹ́ orúkọ wọn ṣì ń bọ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. Ròbà tiwa náà kò rà sóko. Ó ń lọ sókè òkun, àwọn tó rà á ń fi í ṣe táyà, àwa sì ń lọ ra táyà. Ọ̀rọ̀ wa wá dà bí ti ẹni tó ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ tán, tó tún wá ń fowó ra dòdò jẹ.

TI SÌMẸ́ŃTÌ YÀTỌ̀, ṢÙGBỌ́N Ó NÍ TIẸ̀

Ìjọba kan náà tó ṣe báyìí lórí táyà, ó gba ọ̀nà mìíràn lórí sìmẹ́ńtì. Lọ́dún 2002, nígbà Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú sìmẹ́ńtì tí Nàìjíríà ń lò ti ń wá. Ìjọba wá sọ fáwọn tó ń kó o wọlé pé ẹni tó bá fẹ́ ìwé àṣẹ, kó fi hàn pé òun ń kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì síbí. Òfin mìíràn tó ti wà láti ọdún 1971 tún gba ilé iṣẹ́ tó bá dá nǹkan tuntun sílẹ̀ láyè láti má san owó orí lórí èrè fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì lè fi ọdún méjì kún un.

Pàtàkì ibẹ̀ ni pé wọn ò yí i padà lójú ọ̀nà. Alhaji Aliko Dangote kọ́ ti Obajana ní ìpínlẹ̀ Kogí. Lọ́dún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí ti Ibèṣè ní ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí wọ́n kọ́ láti lè ṣe mílíọ̀nù 6 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lọ́dún. Ti Ewékorò àti Ṣàgámù tó ti wà tipẹ́ náà kò kú. Sìmẹ́ńtì táwọn ilé iṣẹ́ Nàìjíríà lè ṣe lónìí ti ju èyí tí orílẹ̀-èdè yìí ń lò lọ, wọ́n ti ń tà á fáwọn tó múlé tì wá.

Ẹni tó ń kọ́lé máa bínú síbí yìí. Ó máa ní, tó bá pọ̀ tó báyẹn, kí ló dé tó wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi ni. Nínú oṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì kan kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan, ó sì di dandan kí ìjọba àpapọ̀ pe àwọn oníléeṣẹ́ ọ̀hún sípàdé, tí wọ́n fi fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Náírà tó já wálẹ̀ wà lára ohun tó fà á, owó gáàsì àti dísẹ̀lì náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ìjọba bá fi odi yí ká, tí ọjà òkè òkun kò lè bá a du oníbàárà, yóò mọ̀ pé kò síbi tí oníbàárà ń lọ. Odi dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó mọ ọ́n máa yẹ inú ẹ̀ wò.

Odi náà kò sì ní agbára níbi tí ẹnu ibodè bá ti jó. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba kíkó táyà tòkúnbọ̀ fún mọ́tò kéékèèké wọlé rárá. Ẹ lọ wo ẹ̀bá títì, ẹ óò rí i bó ṣe tò. Aṣọ náà nìyẹn: ìjọba fòfin de àwọn aṣọ kan tó ń ti òkè òkun bọ̀, fàyàwọ́ sì ń kó wọn wọlé títí táwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná àti l'Ékòó fi ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

ÒFIN TUNTUN DÉ

Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin owó orí tuntun mẹ́rin, wọ́n sì ní kí òfin owó orí gan-an bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2026. Ariwo tó pọ̀ jù táwọn èèyàn gbọ́ ni ti báwọn ìpínlẹ̀ yóò ṣe pín owó VAT. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ẹ̀ tó kan oníléeṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n.

VAT, owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994 pẹ̀lú 5%. Lọ́dún 2020, ó di 7.5%. Tẹ́lẹ̀, bí oníléeṣẹ́ bá ra ẹ̀rọ tí wọ́n gba VAT lórí ẹ̀, kò lè yọ ọ́ kúrò nínú VAT tó fẹ́ san fún ìjọba. Ẹ̀rọ ₦100 mílíọ̀nù, ₦7.5 mílíọ̀nù ti wọgbó nìyẹn kó tó ṣe bọ́tìnnì kan jáde. Òfin tuntun ní kó máa yọ ọ́, ó ní kó yọ ti iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe fún un náà. Ilé iṣẹ́ kékeré tí iye tó ń tà lọ́dún kò ju ₦100 mílíọ̀nù lọ, tí dúkìá ẹ̀ kò sì ju ₦250 mílíọ̀nù lọ, kò ní san owó orí lórí èrè. Búrẹ́dì ni o, ọṣẹ ni o, bàtà ni o, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe wọn ní kọ̀rọ̀ àdúgbò wà nínú ìsọ̀rí yìí. Fáwọn ńlá, oríṣiríṣi owó bíi ti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ti NASENI àti ti ọlọ́pàá, wọ́n pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èrè (4%).

Ìyẹn dáa, àmọ́ òfin inú ìwé yàtọ̀ sí ti ojú títì. Láti ọdún 1998 ni ìwé òfin ti to owó tí ìjọba lè gbà sí oríṣi 39: mẹ́jọ fún àpapọ̀, 11 fún ìpínlẹ̀, 20 fún ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń fi tírélà gbé ọjà láti Ìkejà lọ sí Ọ̀nìtṣà bóyá 39 ọ̀hún ló ń san. Ibi tí igi bá ti dábùú ọ̀nà, tí ọmọkùnrin méjì mú sítíkà dání, owó ni. Owó yẹn kò wọ àpò ìjọba kankan, ṣùgbọ́n ó wà lórí ọjà tí ìyá ń rà fọ́mọ nílé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń bi ìjọba léèrè iṣẹ́, kó má ṣe bi wọ́n pé èló ni owó orí nìkan. Àwọn oníléeṣẹ́ ń gbé níbi tí owó orí ga, wọ́n sì ń jèrè, bí wọ́n bá ti mọ iye tó jẹ́ lónìí àti iye tí yóò jẹ́ lọ́dún márùn-ún òní. Ẹni tó gbin kòkó ń wo ọdún púpọ̀ níwájú. Ẹni tó ra ẹ̀rọ náà ń wo ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹni tó ni ilẹ̀ bá ń paṣẹ tuntun lọ́dọọdún, ẹ̀fọ́ tó ń hù lọ́sẹ̀ mẹ́ta layé yóò máa gbìn. Ẹ̀fọ́ ọ̀hún ni ọjà tá à ń rà wọlé lónìí, tá à ń tà lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olówó Nàìjíríà fi sọra wọn di oníṣòwò kọ̀ǹtẹ́nà, tí àwọn ọmọ tó jáde yunifásítì sì ń fi sátífíkéètì gun ọ̀kadà.

Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi wọ́n kò ju mẹ́ta lọ. Òfin tuntun yìí, ọdún mélòó ni ẹ máa jẹ́ kó dúró? Ilé iṣẹ́ tí ẹ fún láǹfààní, iṣẹ́ mélòó ló pèsè, èló ló sì ń ta ọjà ẹ̀ fún mẹ̀kúnnù? Àwọn tó ń dábùú igi lójú ọ̀nà ńkọ́, ta ni wọ́n ń jíṣẹ́ fún? Ọjọ́ tí ìjọba bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkólòlò, oníléeṣẹ́ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ yóò mọ ibi tí òun yóò dà á sí. Títí dìgbà náà, fọkanáísà yóò máa ta táyà Ṣáínà rẹ̀ lọ.